Ẹyin Kì Í Gbààwẹ̀

Láti ìgbà tí Àsàmáù ti wọ ilé ọkọ ní Ìwárò-Ọ̀kà, kò tíì sí ọdún kan tí ó gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì délẹ̀. Ní ọdún kìíní, oyún wà nínú rẹ̀. Ní èkejì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà, oyún mìíràn, ọmú mìíràn. Nígbà tí ó yá, àìsàn dé. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún un láti má gbà á, ó sì ń san án padà díẹ̀díẹ̀ ní àwọn oṣù mìíràn; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá ààwẹ̀ gbà láàárín àwọn tí ń jẹun kò dà bí ẹni tí ó bá gbogbo ilé jí sí sààrì. Fọlákẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ilé.

"Ìyàwó, ti ọdún yìí ńkọ́? Ṣé àwìn náà la tún fẹ́ gbà á?"

Àsàmáù á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín orí eyín ni.

Àìsàn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà ìbí kẹta ni ó kọ lù ú. Gìrì mú un lórí ibùsùn ìbímọ, ọmọ náà kò yè, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ láìmọ ibi tí ó wà. Nígbà tí iyè rẹ̀ sọ, dókítà pe òun àti Láwàl ọkọ rẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìdájọ́: kí wọ́n dúpẹ́ fún ọmọ méjì tí ó wà nílẹ̀, Rúkáyà àti àbúrò rẹ̀, nítorí oyún mìíràn lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Wọ́n gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Abẹ́rẹ́ náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, àmọ́ ó tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí àkókò. Wọ́n ti kọ́ Àsàmáù láti kékeré pé obìnrin tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kírun, kò sì gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni òfin náà kàn. Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo rọ́bà. Láwàl, awakọ̀ akẹ́rù tí ń kó iṣu àti pákó, ni ó ń rà á bọ̀ láti ìrìn-àjò, kí ẹnikẹ́ni ní Ìwárò má baà rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ààwẹ̀ bọ́ sí àárín òjò. Ara Àsàmáù ti balẹ̀. Dókítà ní kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní sààrì, kí ó sì gbààwẹ̀ bí ó bá lè gbà á. Ó lè gbà á. Ìdajì oṣù ti lọ, kò tíì pàdánù ọjọ́ kan, Fọlákẹ́ pàápàá ti dákẹ́. Ìgbà náà ni rọ́bà ya.

Láwàl ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó dìde jókòó.

"Ó ti ya."

"Mo mọ̀," ni Àsàmáù dáhùn.

Wọ́n jí jẹ sààrì. Nígbà tí Láwàl ń múra ìrìn-àjò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Oògùn kan wà tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa nígbà yẹn. Lọ sí Ìkàrẹ́ lónìí. Má jẹ́ kó di ọ̀sán."

Kẹ́míìsì kò wọ́n ní Ìwárò, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ni wọ́n ni ó mọ Alfa Àmúsà, bàbá Láwàl, wọ́n sì ń kírun lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni Àsàmáù fi wọ ọkọ̀ gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíyínká, níbi tí ó ti máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ìbíyínká jẹ́ apòògùn tí ó kàwé gboyè ní yunifásítì. Ọmọ ìjọ ni, ṣùgbọ́n ìdajì agbo ilé bàbá rẹ̀ ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìkàrẹ́. Òfin kan ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wọn dàgbà níbẹ̀: má fi ẹnu sí ìjọsìn ẹlòmíràn. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó na ẹ̀pà sí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan nínú ààwẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbá a létí lójú gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà, bí Ràmàdáànì bá dé, kì í mu omi níwájú oníbàárà. Ẹ̀yìn aṣọ títa tí ó pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì ni ó ti ń mu ún, á sì nu ẹnu kí ó tó jáde.

"Àǹtí, ẹ kú ọjà."

"Ìyá Rúkáyà. Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín."

Àsàmáù dúró títí ọkùnrin tí ń ra oògùn ikọ́ fi lọ. Lẹ́yìn náà ni ó súnmọ́ káńtà.

"Rọ́bà ló ya mọ́ wa lọ́wọ́, àǹtí."

"Nígbà wo?"

"Lóru àná."

"Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ tètè wá. Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Àsàmáù sọ fún un. Ìbíyínká ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀.

"Àsìkò tí ẹyin ń múra àtijáde gan-an lẹ wà yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí n bi yín. Ṣé oògùn yìí ń ṣẹ́ oyún ni? Tó bá ń ṣẹ́ oyún, mi ò lè lò ó."

"Kì í ṣẹ́ oyún. Tí oyún bá ti dúró, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ó máa ń dá ẹyin dúró níbi tó wà, kó má tíì jáde. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún, á máa dúró de ẹyin. Tí ẹyin ò bá yọjú, á kú dànù. Àmọ́ tí ẹyin bá ti jáde kẹ́ ẹ tó lo oògùn, oògùn ò lè pè é padà."

"Ẹ fẹ́ sọ pé à ń bá ẹyin sáré ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ sì yá ju tèmi tiyín lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìbíyínká tẹ̀síwájú.

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ká lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ń lò ó di ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ á ti dín kù. Ẹ má wo ọjọ́ mẹ́ta yẹn rárá. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọ̀nà kejì tún wà tó lágbára ju èyí lọ: lúùpù, tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ní ọsibítù. Tí wọ́n bá fi í sí i kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, agbára káká ni oyún fi lè dúró. Ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ẹ ò ní ronú rọ́bà mọ́."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní máa yọ?"

"Nǹkan oṣù lè pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, ó sì lè máa kán díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀ tó bá yá."

"Ẹ fún mi ní oníhóró, àǹtí. Mo ti mọ ẹ̀jẹ̀ tó ń kán. Ṣé mo nílò ìwé dókítà?"

"Rárá, kò gba ìwé kankan. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín náà ò ní kẹ́ ẹ má lò ó."

Ìbíyínká gbé páálí kékeré kan wá. Hóró kan péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ káńtà, níbi tí ó ń tọ́jú omi inú ọ̀rá sí fún àwọn tí wọ́n bá fẹ́ lo oògùn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ lè lò ó níbí."

"Mo wà nínú ààwẹ̀, àǹtí. Tí a bá ti ṣínu ni màá lò ó."

Ọwọ́ Ìbíyínká dúró lórí omi náà. Ó tutù. Ohun tí ó fẹ́ sọ wà lẹ́nu rẹ̀: pé láti òwúrọ̀ yìí sí ìṣínu jìnnà, pé ẹyin kì í gbààwẹ̀. Ó mọ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀, pé aláìsàn lè jẹun kí ó sì san ọjọ́ náà padà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi òun, ọmọ ìjọ, ṣe olùkọ́ tí yóò sọ fún ìyàwó ilé Alfa bí a ti ń gbààwẹ̀? Ó fi omi náà sílẹ̀ níbi tí ó wà, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí káńtà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Tí èébì bá gbé e jáde láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ pè mí, òmíràn lẹ máa lò. Tí nǹkan oṣù bá sì fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ẹ wá ká yẹ ìtọ̀ wò. Ẹ má ṣe pé ẹ ò ní wá."

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí i. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan pa mọ́. Gbogbo ohun tí ìwé ní kí apòògùn sọ ni ó sọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí kò ṣe ni pé kò rọ̀ ọ́.

Ní Ìwárò, Àsàmáù ṣínu pẹ̀lú àwọn ará ilé. Ó mu omi tútù, ó mu ọ̀gì gbígbóná, ó jẹ àkàrà, ó wá gbé oògùn náà mì ní kọ̀rọ̀. Inú tí ó ti ṣófo láti àárọ̀ kò gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń kírun àṣàámù, ó bì lẹ́yìn balùwẹ̀, ó bì títí kò fi sí ohun tí ó kù. Ó pe Ìbíyínká.

"Ó ti jáde, àǹtí."

"Òmíràn ti di dandan nìyẹn. Ṣé ẹ ò lè wá báyìí? Màá ṣí ṣọ́ọ̀bù dè yín."

"Bàbá Rúkáyà ò sí nílé. Kí ni màá sọ fún wọn pé mò ń bá lọ?"

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ ti wọ́n lójú ọ̀nà, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé kò sì lè dìde lálẹ́ láìsọ ibi tí ó ń lọ. Ní òwúrọ̀, òjò ńlá rọ̀ láti orí àwọn òkè wá, kò sì dá títí ìrun Àìlà fi kù díẹ̀. Nígbà tí Àsàmáù dé Ìkàrẹ́, aṣọ rẹ̀ ti tutù dé orúnkún.

Ìbíyínká ti gbé oògùn náà síta dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé omi náà wá sókè, ó gbé e sórí káńtà, ó sì ń wo ojú rẹ̀.

"Ìyá Rúkáyà, ara yín ò yá tó. Àárẹ̀ wà lójú yín."

"Kò burú, àǹtí. Ìjọ́ mélòó ló kù? Màá gba ti ọdún yìí pé."

Ìbíyínká la ẹnu láti rọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin méjì, tí wọ́n fi ìborí bo orí, wọlé wá ra oògùn ibà, wọ́n sì kí Àsàmáù kú ààwẹ̀. Omi náà wà lórí káńtà láàárín wọn, ojú sì ti Ìbíyínká bí ẹni pé ó tún na ẹ̀pà sí ọmọ tí ń gbààwẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn bò ó. Àsàmáù ti fi oògùn sínú àpò, ó ti ń wá ọkọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mu ọ̀gì díẹ̀, ó sinmi, ó wá lo oògùn. Kò bì.

Ẹnì kan wà nínú agbo ilé náà tí ìbéèrè kan péré lọ́dọ̀ rẹ̀ ì bá fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Alfa Àmúsà ti kọ́ àwọn ènìyàn ní òfin ààwẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó ọmọ, tí ó jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ni ó fi ń kí i, tí kì í gbójú sókè wò ó, yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rọ́bà níwájú rẹ̀? Àsàmáù kò tilẹ̀ rò ó wò.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó pọ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ó sì dáwọ́ dúró láìpẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bu omi mu ní gbangba, ní ìdajì ọ̀sán, ní àárín àgbàlá.

"Àwìn ti tún dé," ni Fọlákẹ́ wí.

"Ó ti dé, ìyálé mi. Ẹ bá mi gbé omi sí i."

Ẹ̀rín tí ó rín lọ́jọ́ náà ti inú rẹ̀ wá. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ oògùn ni. Pé oògùn náà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ lára àwọn obìnrin kan, yálà ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ọjọ́ tí ìdí wà fún un láti ṣínu ni ó gbààwẹ̀, ọjọ́ tí ìdí kò sí ni ó ṣínu.

Ìgbà tí nǹkan oṣù kò wá lẹ́yìn ọdún ìtúnu, ó rántí abẹ́rẹ́, bí ó ti máa ń da oṣù rẹ̀ rú, ó sì gbà pé oògùn yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èébì kò gbé e bí ti aboyún. Ìbíyínká fi fóònù pè é lẹ́ẹ̀kan, Àsàmáù ní òun ti rí ẹ̀jẹ̀, Ìbíyínká sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìbèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́. Nígbà tí ó wá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nígbẹ̀yìn, ọmọ ti ń yí nínú rẹ̀.

Dókítà kan náà ni. Ó ní òfin ilẹ̀ yìí gba kí a fòpin sí oyún bí ó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là, pé kí wọ́n má fi falẹ̀. Láwàl ní kí wọ́n ṣe é. Àsàmáù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí oyún bá ti pé oṣù mẹ́rin, a ti mí ẹ̀mí sí ọmọ. Kò bi ẹnikẹ́ni ohun tí ẹ̀sìn wí nígbà tí ẹ̀mí méjì bá ń du ara wọn. Ó ń ronú títí ikùn fi yọ síta, lẹ́yìn náà kò sí ohun tí a tún ń ronú sí.

Gìrì dé nínú oṣù kẹjọ, ní òwúrọ̀, bí ó ti ń ṣa ìrẹsì. Wọ́n gbé e dé Ìkàrẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n mú ọmọbìnrin kan jáde, ọmọ náà sì ké. Àsàmáù kò gbọ́ igbe náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Láwàl sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ rọ́bà àti ti oògùn.  Nígbà tí ó parí, bàbá arúgbó náà bèèrè pé:

"Ó gbé oògùn lọ́wọ́, ó wá gbààwẹ̀ mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ikú fún. Omi ni kó mu. Kó san ọjọ́ kan padà. Èwo ló le níbẹ̀? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí?"

"Bàbá, ta ni ì bá bi yín nírú ẹ̀?"

Alfa Àmúsà tẹ orí ba. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á.

Ràmàdáànì mìíràn dé. Láwàl wọ ṣọ́ọ̀bù Ìbíyínká ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti ra wàrà ọmọ ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní agolo ti ilé ti tán láti àná, pé Fọlákẹ́ ń fi omi ọ̀gì tàn án, ọmọ náà sì ń ké. Ìbíyínká gbé agolo wá, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n àti bí a ti ń se omi rẹ̀. Láwàl tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí ó bá wá gan-an.

"Àǹtí, ká ní ó lò ó níbí, láàárọ̀ ọjọ́ kìíní yẹn. Ṣé ì bá wà láàyè?"

Ìbíyínká ti dá ìbéèrè yìí lóhùn fún ara rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹyin lè ti jáde kí àárọ̀ náà tó mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀la rẹ̀ ni ó jáde, nígbà tí oògùn wà nínú àpò, tí ìyá ń dúró de Mọ̀gàríbì. Oògùn náà a sì máa kùnà nígbà mìíràn bí a bá tilẹ̀ tètè lò ó.

"Mi ò mọ̀. Ì bá ti ṣeé ṣe ju bó ṣe rí yìí lọ. Ìyẹn nìkan ni mo lè fi ọkàn kan sọ."

"Ẹ sì sọ fún un pé kó tètè lò ó."

"Mo sọ fún un."

"Ó sọ fún mi pé ẹ sọ fún òun." Láwàl mi orí. "Ó ní jẹ́jẹ́ lẹ sọ ọ́."

Wọ́n pe ìrun Alásàrí ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ọjà. Láwàl fi agolo wàrà sílẹ̀ lórí káńtà.

"Ẹ bá mi wò ó síbí. Kí n lọ kírun kí n tó máa lọ."

"Rárá." Ohùn Ìbíyínká le ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. "Ẹ máa lọ sílé. Ebi ń pa ọmọ. Ẹ lọ fún un lóúnjẹ ná, àsìkò Alásàrí ò ní tíì kọjá nígbà tẹ́ ẹ bá dé Ìwárò. Ẹ máa lọ báyìí."

Oníbàárà kan tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà wò ó. Láwàl náà ń wò ó. Kò bínú, ó rí bí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ohùn yìí ni, àǹtí," ni ó wí. "Irú ohùn yìí ló yẹ kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀."

Ó gbé agolo náà, ó jáde. Ìbíyínká dúró sẹ́yìn káńtà, ó ń gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò Ọ̀kà ní òdìkejì títì, ọkọ̀ kan sì kún, ó lọ.